Lẹ́yìn Ilé Ìwòsàn: Ìtọ́jú Ẹni tí Ọpọlọ Rẹ̀ Fara Pa láàrin Ẹbí àti Ìlú



Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó forí gbá ilẹ̀ ni, tí kò kú, tí wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n tọ́jú, tí wọ́n sì ní kí ó máa lọ sílé. Gbogbo wa ni a mọ bí a ti í ṣe ní ọjọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá délé. A ó dúpẹ́, a ó se oúnjẹ, ará àdúgbò yóò wá báni yọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta lẹ́yìn ọpẹ́ náà, nígbà tí àwọn abániyọ̀ ti tú ká, tí ìyàwó ilé sì ń sọ fún ìyá rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ pé ọkọ tí wọ́n gbé padà fún òun kì í ṣe ọkọ tí òun fẹ́.

Ibí yìí ni ó sì yẹ kí a ti sọ ọ́. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Ṣàgámù wá kọjá ní ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì gba Orè lọ sí Ìbìní. Ó ṣòro kí a tó rí agboolé kan ní agbègbè wa tí kò mọ ẹni tí ọ̀nà náà mú lọ, tàbí ẹni tí ó dá padà pẹ̀lú àléébù. Láti ọdún 2005 tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ti dá yunifásítì ìkọ́ni sílẹ̀ ní Ìjagun, tí wọ́n fi orúkọ Táì Ṣólàrín pè é, títí di ọdún 2025 tí ìjọba àpapọ̀ gbà á sí ọwọ́ ara rẹ̀, àti títí di òní olónìí, àwọn ọ̀dọ́ kò yé gun ọ̀kadà wọlé kí wọ́n sì gùn ún jáde. Ẹ wo orí wọn bí ẹ bá ń padà lọ. Mélòó ni ó dé akoto?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin pé kí ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀ dé akoto. Ẹ óò rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan gbẹ́ igbá, wọ́n fi okùn so ó mọ́ àgbọ̀n. Àwọn mìíràn dé ìkòkò. Àwọn mìíràn dé agolo ọ̀dà. Àwọn èrò ní tiwọn ń bẹ̀rù pé ẹni tí ó bá dé akoto ọlọ́kadà lè pòórá, nítorí wọ́n gbà pé oògùn wà nínú rẹ̀. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n àkójọ ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2008 fi hàn pé akoto gidi ń dín ikú ọlọ́kadà kù ní nǹkan bí 42 nínú 100, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní nǹkan bí 69 nínú 100. Igbá kò lè ṣe èyí. Akoto tí a fi kọ́ ọwọ́ ọ̀kadà, tí a ń dé kìkì nígbà tí a bá rí ẹ̀ṣọ́ níwájú, kò lè ṣe é pẹ̀lú.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ AGBÁRÍ

Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ orí ṣeré rárá. Orí ni a ń bọ, orí ni a ń bẹ̀, orí ni a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orí inú ni a ń sọ nígbà náà, ṣùgbọ́n a kò gbàgbé èyí tí ó wà nínú agbárí. Ẹni tí ó gbọ́n ni a ń pè ní ọlọ́pọlọ pípé; ẹni tí ó hùwà òmùgọ̀ ni a ń bi pé ṣé kò ní ọpọlọ ni. Nítorí náà ó ti pẹ́ tí èdè wa ti mọ ibi tí òye ń gbé. Ibi tí èdè náà ti ṣe aláìtó ni ibòmíràn. A ní ọ̀rọ̀ fún afọ́jú, fún adití, fún arọ, fún wèrè. A kò ní ọ̀rọ̀ kan pàtó fún ẹni tí ojú rẹ̀ ríran, tí etí rẹ̀ gbọ́ràn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e rìn, tí kò sì ya wèrè, ṣùgbọ́n tí ọpọlọ rẹ̀ ti fara pa. Ohun tí kò bá sì ní orúkọ, orúkọ ohun mìíràn ni a máa ń sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ìyà tí mo fẹ́ sọ lónìí, láti ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọpọlọ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, agbárí tí ó gbé e pamọ́ sì le. Omi díẹ̀ wà láàrin àwọn méjèèjì. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lójijì, tàbí tí orí bá sọlẹ̀, agbárí yóò dúró, ṣùgbọ́n ọpọlọ inú rẹ̀ kò tíì dúró. Yóò fi iwájú gbá egungun, yóò sì padà fi ẹ̀yìn gbá a. Bí orí bá yí nígbà tí ó ń ṣubú, àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tí ń gbé ìròyìn kiri inú ọpọlọ yóò fà, díẹ̀ nínú wọn yóò sì já. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí awọ orí rẹ̀ kò bó rárá lè fara pa ju ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo ojú rẹ̀ lọ. Ní etí títì, ẹni tí ó ń ké ni a máa ń kọ́kọ́ gbé. Ẹni tí ó dákẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò.

Ewu kejì ni ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣe sínú. Agbárí kì í fẹ̀ sí i bí ikùn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jọ sí inú rẹ̀, ọpọlọ ni yóò máa tẹ̀. Nígbà mìíràn ẹni tí ó ṣubú yóò dìde, yóò gbọn eruku ara rẹ̀ nù, yóò bá ọlọ́kadà jà, yóò lọ sílé, yóò jẹun alẹ́, yóò sì sùn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ní í mọ́ bá a. Àwọn ará ilé yóò ní ayé ni ó ṣe é, nítorí wọ́n rí i pé ó ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Bí ẹni tí ó forí gbá nǹkan bá ń bì léraléra, bí orí fífọ́ rẹ̀ bá ń le sí i, bí ó bá ń tòògbé ní àsìkò tí kò yẹ, bí gìrì bá mú un, bí ẹyinjú rẹ̀ kan bá tóbi ju èkejì lọ, ilé ìwòsàn ni ibi tí ó kàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru. Kí a má ṣe da omi lù ú. Kí a má ṣe rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Kí a má sì ṣe fà á ní apá bí ẹni fa àpò ìrẹsì, nítorí pé egungun ọrùn rẹ̀ lè ti ṣẹ́.

Ní ọdún 1974, ní ìlú Glasgow, oníṣègùn méjì, Graham Teasdale àti Bryan Jennett, gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí gbogbo ayé ń lò títí di òní. Ojú, ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìmira ni wọ́n fi ń wọn ẹni tí ó fara pa, láti 3 dé 15. Ẹni tí ó bá ní 13 sí 15, ìfarapa rẹ̀ fúyẹ́. 9 sí 12 wà ní àárín. 8 wá sí ìsàlẹ̀ le gidigidi. Ohun tí ó dára nínú rẹ̀ ni pé nọ́ọ̀sì tí kò ní ẹ̀rọ kankan lè ṣe é ní abúlé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìwọ̀n yìí ń sọ bí ó ti le tó ní ọjọ́ náà ni. Kò lè sọ irú ènìyàn tí yóò padà wálé.

Nípa gbígba ẹ̀mí là, ilẹ̀ wa kò ṣàìṣe tirẹ̀. Ní ọdún 1962 ni Látúndé Odékù, ọmọ Àwẹ́, padà dé láti Amẹ́ríkà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ náà. Akéwì ni pẹ̀lú. Ọdún 1974 kan náà tí òṣùwọ̀n Glasgow jáde ni ó kú, kò sì tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Àwọn tí ó kọ́, àti àwọn tí Adélọlá Adélóyè tí ó bá a ṣiṣẹ́ kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n tan iṣẹ́ náà kálẹ̀. Nítorí náà, bí a bá wí pé ohun kan kù, kì í ṣe pé a ń bú oníṣègùn. Iṣẹ́ oníṣègùn parí ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

ẸNI TÍ Ó PADÀ WÁLÉ

Ní ọdún 1848, ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin kan tí ń jẹ́ Phineas Gage ń fi ọ̀pá irin ki ẹ̀tù sínú àpáta. Ẹ̀tù náà bú. Irin náà gba abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, ó sì gba àtàrí rẹ̀ jáde. Kò kú. Ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣírò owó. Ṣùgbọ́n John Harlow, dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwà rẹ̀ yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ní kì í ṣe Gage tí àwọn mọ̀ mọ́. Iwájú ọpọlọ ni irin náà bà jẹ́, ibẹ̀ ni a sì fi ń kó ara wa níjàánu, tí a fi ń ronú kí a tó sọ̀rọ̀. Ibi tí àwọn ènìyàn máa ń fi ìtàn náà sí nìyẹn. Wọ́n kì í sọ pé ọkùnrin yìí kan náà lọ sí orílẹ̀-èdè Chile, tí ó sì wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin akérò níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó kú ní ọdún 1860. Àwọn onímọ̀ kan lóde òní gbà pé ètò kan náà tí iṣẹ́ rẹ̀ ní lójoojúmọ́ ni ó gbé e dúró: ìdìde ní àkókò kan náà, ọ̀nà kan náà, ẹṣin kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí pamọ́ sí ọkàn, a óò padà sí i.

Ẹ jẹ́ kí a fi télọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ nílé. N kò ní ẹnì kan pàtó lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú yín yóò rò pé mo mọ ẹni tí ẹ mọ̀.

Télọ̀ yìí ti bọ́. Àpá orí rẹ̀ ti jinná, irun ti bò ó. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó wọn aṣọ fún oníbàárà, kí ó tó dé ìdí ẹ̀rọ ó ti gbàgbé iye tí ó wọ̀n. Ó gba owó lọ́wọ́ ẹni méjì fún ọjọ́ kan náà, kò sì rántí pé òun gbà á. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, ó ti rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ó roko láti àárọ̀ di alẹ́, ni ó bá sùn sórí aṣọ. Ariwo ẹ̀rọ ìlọta ti ìsọ̀ kejì, tí ó ti ń gbọ́ láti ọdún mẹ́wàá, wá di ohun tí ó ń mú un pariwo. Imú rẹ̀ kò gbóòórùn mọ́, nítorí náà áyọ́ọ̀nù ń jó aṣọ oníbàárà kò mọ̀. Ó bú àna rẹ̀ lójú agbo. Ó rẹ́rìn-ín níbi òkú. Nígbà tí wọ́n bá bi í, yóò ní kò sí ohun tí ó ṣe òun, àwọn ni wọ́n ń wá ìjà òun.

Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó ṣòro jù fún ará ilé láti gbà. Wọ́n rò pé agídí ni. Kì í ṣe agídí. Apá ibi tí ènìyàn fi ń mọ̀ pé òun ti yí padà wà lára ohun tí ó fara pa. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ṣẹ́; ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa lè má mọ̀.

Kí ni ó kàn? Oníbàárà lọ. Ìyá ọkọ ní ìyàwó ni ó fi nǹkan ṣe ọmọ òun. Ìyàwó ní ọkọ òun ya ọ̀lẹ. Bí wárápá bá tún yọjú, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń yọjú lẹ́yìn ìfarapa ọpọlọ tí ó le, nígbà mìíràn lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, àwọn aládùúgbò yóò máa sá fún itọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó ń ràn. Kì í ràn. Oògùn rẹ̀ wà, kò sì wọ́n bí etùtù. Ṣùgbọ́n etùtù ni a ó kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n á ta ẹ̀rọ ìránṣọ fún un, èyí tí í ṣe ohun kan ṣoṣo tí ì bá mú un padà bọ̀ sípò. Níkẹyìn wọ́n lè mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń de ènìyàn mọ́lẹ̀. Kì í ṣe àsọdùn ni mo ń sọ: ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn ilé ìwòsàn, ilé ìjọsìn àti ilé ìṣègùn ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wọ̀n so àwọn tí wọ́n gbà pé orí wọn dàrú.

N kò sọ pé ẹbí wọ̀nyí burú. Owó tí wọn kò ní ni wọ́n ná, oorun tí wọn kò sùn ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn ohun tí wọn yóò bá pàdé. Wọ́n fún wọn ní oògùn àti ọjọ́ tí wọn yóò padà wá. Ìdajì wákàtí tí ẹnì kan ì bá fi jókòó ti ìyàwó náà, kí ó tó gbé ọkọ rẹ̀ kúrò, kí ó sì sọ fún un pé, "Ìyàwó, bí ó bá gbàgbé, bí ó bá ń bínú, ìfarapa náà ni, kì í ṣe ìkórìíra," ì bá gba ìgbéyàwó púpọ̀ là. Ta ni ó yẹ kí ó sọ ọ́? Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ni.

OHUN TÍ ÀRÓ KỌ́ WA

Kò sí ìdí tí a óò fi máa wo òkè òkun nìkan fún àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1954 ni Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró, ní Abẹ́òkúta, níbi tí ìjọba ń kọ́ ilé ìwòsàn fún àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá jà. Dípò kí ó dúró de ìgbà tí ògiri yóò ga, ó lọ bá àwọn baálẹ̀ abúlé tí ó yí Àró ká. Ó ní kí wọ́n fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé láàrin wọn. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan, ó kéré tán, wá bá a gbé, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú ní ọ̀sán. Wọ́n ń bá ará abúlé ṣiṣẹ́ oko, wọ́n ń bá wọn ṣe ọdún. Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, èyí tí àwọn dókítà kan nígbà náà kà sí ìtìjú. Ayé gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì wá di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé láti ọdún 1973 sí 1988.

Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa kì í ṣe aláìsàn tí Lámbò kọ́ Àró fún, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sọ pé mo pè wọ́n ní ọ̀kan náà. Ohun tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu ni ètò náà. Ó kọ́kọ́ gbà pé ẹbí jẹ́ apá kan nínú ìtọ́jú, nítorí náà ẹbí ń kọ́ ìtọ́jú náà lójú oníṣègùn. Ó gbà pé iṣẹ́ jẹ́ oògùn. Ó sì gbà pé abúlé tí yóò gba aláìsàn ní ẹ̀tọ́ sí ohun kan padà, nítorí náà wọ́n ń san owó ilé fún wọn. Ohun mẹ́ta yìí ni télọ̀ wa kò rí ọ̀kan nínú wọn. Ẹ sì rántí Gage àti ẹṣin rẹ̀ ní Chile.

ÒFIN ŃKỌ́?

Òfin kò ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, ní abala 16, sọ pé kí ìjọba rí sí owó ìrànwọ́ fún aláìsàn àti ìtọ́jú abirùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n abala 6 inú ìwé kan náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fi í pe ìjọba lẹ́jọ́. Ìlérí ni, kì í ṣe gbèsè.

Àwọn kan wà tí ó ní eyín ju èyí lọ. Òfin ìlera ti ọdún 2014 kò gbà kí ilé ìwòsàn kankan kọ ẹni tí ó wà nínú pàjáwìrì nítorí owó. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san 100,000 náírà, tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n fún oṣù mẹ́fà. Òfin tí ó dáàbò bo àwọn abirùn, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, kò mọ sí ọ̀rọ̀ arọ àti afọ́jú nìkan. Àléébù ti ọpọlọ wà nínú rẹ̀. Ó ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba fi ipò 5 nínú 100 sílẹ̀ fún wọn. Ó sọ iye tí ẹni tí ó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò san: 100,000 náírà fún ẹnì kan, mílíọ̀nù kan náírà fún ilé iṣẹ́. Ó tún kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni máa fi abirùn ṣagbe. Àwọn tí wọ́n fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní òfin tiwọn ti ọdún 2010, lábẹ́ èyí tí agbanisíṣẹ́ ń dá owó sí àpò kan tí ó yẹ kí a máa ti ibẹ̀ tọ́jú òṣìṣẹ́ tí ìjàǹbá bá. Ó burú pé télọ̀, ọlọ́kadà àti alápatà, tí wọn kò ní ọ̀gá kankan, kò sí nínú rẹ̀.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni èyí tí a fojú tín-ín-rín jù: ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ọlọ́pàá ń béèrè rẹ̀ lójú ọ̀nà. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni èyí tí ó kéré jù fún ọkọ̀ aládàáni ti kúrò ní 5,000 náírà tí ó di 15,000. Ẹni tí ọkọ̀ bá gbá ni a ṣe é fún. Ẹbí tí ó bá gba nọ́mbà ọkọ̀ sílẹ̀, tí ó fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá ní kíákíá, tí ó sì pa gbogbo ìwé ilé ìwòsàn mọ́, lè béèrè owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà. Ní ìdí èyí, bí awakọ̀ bá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má kàn ọlọ́pàá, pé òun yóò "ṣe ètò rẹ̀", kí a dáríjì í tán kí a tó rántí pé ìtọ́jú ọpọlọ lè gba ọdún méjì, owó tí ó nà síni lọ́wọ́ kò sì ju ti síkáànù lọ.

Wẹ́fíà wà ní ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tí àwa ará ìlú mọ̀ ọ́n mọ́ ni ìjà tọkọtaya àti owó oúnjẹ ọmọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀ nítorí ẹni tí ó forí gbá ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé iṣẹ́ tí mo ń ṣàlàyé láti àárọ̀, iṣẹ́ wọn gan-an ni: kí wọ́n ka òfin wọ̀nyí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ̀gá iṣẹ́ pé kí ó gbà á padà fún wákàtí díẹ̀ lóòjọ́, kí wọ́n jókòó láàrin ìyá ọkọ àti ìyàwó. Ìjà tọkọtaya tí ó dé iwájú wọn pàápàá, ó yẹ kí wọ́n máa bi ọkùnrin náà bí ó bá ti forí gbá nǹkan rí.

NÍ ILÉ, NÍ KÍLÁÀSÌ, NÍNÚ ẸGBẸ́

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ara máa ń bọ̀ sípò jù, ṣùgbọ́n ìtẹ̀síwájú kì í dúró síbẹ̀. Ó lè lọ títí di ọdún méjì, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a bá ṣe ní ilé ní àkókò náà kò kéré. Ìwé kékeré kan tí yóò wà ní àpò rẹ̀ nígbà gbogbo, tí yóò máa kọ ohun tí ó gbà àti ohun tí ó ṣèlérí sí. Ohun kan ní ẹ̀ẹ̀kan. Ìsinmi kí ó tó rẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ìgbà tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́ tán. Yàrá tí kò ní ariwo. Kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ọtí, nítorí ọtí tí ì bá pa ẹlòmíràn díẹ̀ yóò pa á púpọ̀, ó sì lè pe wárápá. Kò gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà títí oníṣègùn yóò fi gbà fún un. Ìlù orí kejì kì í ṣe bí ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ yín dé. Ọmọ yóò ṣubú lórí igi máńgòrò ní ìgbà ìsinmi, yóò sùn ní ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ méjì, yóò sì padà sí kíláàsì yín ní àkọ́kọ́ táàmù. Ó ti ń ṣe ipò kẹta tẹ́lẹ̀, nísinsìnyí kò lè rántí ohun tí ẹ kọ sójú pátákó ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn. Ó ń wo ojú fèrèsé. Bí ẹ bá na ọmọ yìí, ẹ ń nà án nítorí ọgbẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó níwájú, ẹ kọ iṣẹ́ àṣetiléwá fún un kí ó má ṣe máa dà á kọ, ẹ fún un ní àkókò púpọ̀ sí i nígbà ìdánwò, kí ẹ sì sọ fún olùkọ́ tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín ní ọdún tí ń bọ̀. Ìfarapa ọmọdé máa ń farahàn lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nígbà tí ẹ̀kọ́ bá le sí i, tí gbogbo ènìyàn sì ti gbàgbé igi máńgòrò.

Ní ti ẹgbẹ́, Ìjẹ̀bú kò ní í yá ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbà ayé Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tí ó jẹ Awùjalẹ̀ láti ọdún 1960 títí ó fi wàjà ní ọdún 2025, ni ètò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tún gbilẹ̀, tí olúkúlùkù fi ń mọ àwọn ọ̀gbà tí a jọ bí i. A ń rí wọn lọ́dọọdún ní Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ tí ó ń dán. Aṣọ náà dára, n kò bú u. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó lè dá owó aṣọ lè bi ara rẹ̀ pé: ta ni nínú wa tí kò wá mọ́, kí ni ó sì ṣe é? Ẹni tí ó gbàgbé ọjọ́ ìpàdé, tí ó ń bínú níbi ìpàdé, tí a wá fi sílẹ̀ nítorí pé ó ti "yí padà", òun gan-an ni mo ń sọ. Èésú tí ó ń dá tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kú. Kí ẹnì kan lọ mú un láti ilé, kí ẹnì kan sì mú un padà.

Ó ku ẹnì kan tí a kò tíì dárúkọ dáadáa: ẹni tí ń tọ́jú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1979 ni ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Headway ti wà fún àwọn tí ọpọlọ wọn fara pa. Ẹbí àti aláìsàn ń wá bá ara wọn ní ilé ẹgbẹ́ náà ní ọ̀sán. Òfin ìtọ́jú tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 2014 sì sọ ọ́ di dandan fún ìjọba ìbílẹ̀ pé kí ó yẹ àìní olùtọ́jú wò fúnra rẹ̀, lọ́tọ̀ sí ti aláìsàn. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ nípa rẹ̀, àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ náà jẹun. A kò ní owó Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà ní ìdí rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, ní gbọ̀ngàn ìlú tàbí ní ìjọba ìbílẹ̀, ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kan. Akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ láti yunifásítì wa tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò ti ṣe iṣẹ́ ìdánrawò. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí kò tíì di títà. Ìyàwó télọ̀ yóò mú un wá ní aago mẹ́sàn-án, yóò sì wá mú un ní aago kan. Wákàtí mẹ́rin nìyẹn tí obìnrin náà yóò fi lọ sọ́jà, tàbí tí yóò fi sùn. N óò bá àwọn ìgbìmọ̀ ìlú sọ ọ́ lẹ́yìn ìpàdé yìí bí wọ́n bá gbà mí láyè.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé nìyí. Mo ṣetán láti gbọ́ ìbéèrè yín.